Nígbà Tí Ẹ̀ṣọ́ Ara Bá Kọjú Ìjà sí Ara: Àrùn Lúpọ́ọ̀sì

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀tá láàrin ẹbí ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún, ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí òwe yìí bá mu bí ẹni pé nítorí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe pa á. Lúpọ́ọ̀sì ni orúkọ àìsàn náà. Kì í ti òde wọlé bí ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba inú omi àìmọ́ wọ inú ènìyàn. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. A kò lè kó o nídìí àwo oúnjẹ, aṣọ tàbí ibùsùn. Agbára tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ara láti máa ṣọ́ ọ ni ó ṣì ọ̀nà, tí ó sì gbé ìjà ko ara tí ó yẹ kí ó dáàbò bò.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀ṣọ́ tí ó wà nínú ara. Gbogbo ẹni tí ń gbé Aládé ni ó mọ àwọn òkè àpáta ńláńlá tí ó yí ilẹ̀ Ìdànrè ká. Orí òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá wa fi ṣe ibùgbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kí àwọn ará ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààbò ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gòkè bọ̀, a ó ti rí i kí ó tó dé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú, yóò kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá, yóò rí ìjà. Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀ṣọ́ wà nínú ohun kan ṣoṣo yìí: kí ó mọ ojú ọmọ ìlú yàtọ̀ sí ojú ọ̀tá.

Ẹ̀jẹ̀ wa kún fún irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun ni à ń pè wọ́n, wọ́n sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Láti ìgbà tí a ti wà nínú oyún ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn láti mọ ohun tí í ṣe ti ilé àti ohun tí í ṣe ti òde. Èyí tí kò bá gba ẹ̀kọ́, ara fúnra rẹ̀ ni í pa á run kí ó má baà di ewu. Nínú àwọn tí ó kù, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn dàbí ti alágbẹ̀dẹ: wọ́n ń rọ ohun ìjà wẹ́wẹ́ tí yóò lẹ̀ mọ́ ara ọ̀tá, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù lè rí i kí wọ́n sì gbé e mì.

Ní ara ẹni tí ó ní lúpọ́ọ̀sì, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan tí kò gba ẹ̀kọ́ yè bọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ohun ìjà sí ọmọ ilé. Ohun tí wọ́n sábà máa ń dojú kọ ni kóró tí ó wà láàrin gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì. Lójoojúmọ́ ni àìmọye sẹ́ẹ̀lì inú ara ń kú, tí òmíràn sì ń rọ́pò wọn. Ó yẹ kí a tètè gbá òkú wọn kúrò nílẹ̀. Bí a kò bá tètè gbá wọn, kóró wọn yóò hàn síta, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò sì rò pé ọ̀tá ni wọ́n rí. Ní ọdún 1948, ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Hargraves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi rí fún aráyé: sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó ti gbé kóró sẹ́ẹ̀lì mìíràn mì nínú ara ènìyàn kan náà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ara wọn rí àmì ìjà náà.

Ibi tí ó burú sí ni pé ohun ìjà àti òkú sẹ́ẹ̀lì a máa so mọ́ ara wọn, ẹ̀jẹ̀ a sì máa gbé wọn kiri títí wọn yóò fi há sí ibi tóóró. Kò sì sí ibi tóóró tí ó pọ̀ tó ti inú kíndìnrín, nítorí asẹ́ ni kíndìnrín jẹ́. Gẹ́gẹ́ bí èèrí ṣe ń dí ojú asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì, bẹ́ẹ̀ ni pàǹtí wọ̀nyí ń dí ojú kíndìnrín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tún wá ń jà ní orí asẹ́ náà títí yóò fi ya. Ìjà yìí kì í sì í dunni. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́ lè máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó máa jẹun, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Nítorí pé kò sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé, kò sí ibi tí lúpọ́ọ̀sì kò lè dé. Ní ara ẹnì kan, oríkèé ni. Ní ara ẹlòmíràn, awọ ara. Ní ti ẹlòmíràn, ohun tí ó bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni, tí yóò fi jẹ́ pé bí ó bá mí kanlẹ̀, àyà yóò dùn ún. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dínkù lára, ó sì lè da ọpọlọ láàmú. Agẹmọ kì í pa àwọ̀ dà tó o. Ó tún ní àkókò tirẹ̀: ó lè rọlẹ̀ fún oṣù púpọ̀ tí ènìyàn yóò fi rò pé ó ti lọ, kí ó sì tún ru sókè láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan ní Aládé. Ìgbà kòkó ni. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ti tú kòkó kúrò nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, òun ni ó ń sá a sójú oòrùn, tí ó sì ń yí i padà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ a gan, kò ní lè di ìgbálẹ̀ mú dáadáa títí oòrùn yóò fi yọ sókè. Ara rẹ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀ ní alẹ́. Ó sì ń rẹ̀ ẹ́, rírẹ̀ tí oorun kò lè wò.

Ìyá rẹ̀ wí pé, "Ibà ni, ọmọ mi. Oòrùn ti pa ọ́ jù." Ó ra oògùn ibà fún un, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó tún padà, olóògùn ní táífọ́ọ̀dù ni, ó sì fún un ní abẹ́rẹ́. Ìyá àgbà fi òrí pa á ní oríkèé, ó ní làkúrègbé ni, àti pé òun kò mọ ìgbà tí làkúrègbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọdé. Irun orí ọmọ náà ń já mọ́ òòyà. Ẹnì kan nínú ilé sì ń sọ ọ́ lábẹ́ pé ọwọ́ ayé ni. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ojú rẹ̀ ń kún ní òwúrọ̀, ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ní Àkúrẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá. Kíndìnrín rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí.

Kò yẹ kí a dá ìyá náà lẹ́bi. Ní ilẹ̀ tí ibà pọ̀ sí, ìwà ọgbọ́n ni láti rò pé ibà ni ó ń mú ẹni tí ara rẹ̀ gbóná. Ohun kọ̀ọ̀kan tí ó ń ṣe ọmọ náà ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, olúkúlùkù sì pe èyí tí ó rí. Ohun tí kò sí ẹni tí ó ṣe ni pé kí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú kan. Ibà kì í gan ènìyàn ní ìka ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Táífọ́ọ̀dù kì í já irun orí kí ó sì tún ṣú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Làkúrègbé àgbàlagbà kì í dá egbò tí kò dunni sí àjà ẹnu. Bí irú nǹkan wọ̀nyí bá pàdé lára ẹnì kan, pàápàá ọ̀dọ́mọbìnrin, tí oògùn ibà kò sì lé wọn lọ, ó tó àkókò láti bi oníṣègùn bóyá lúpọ́ọ̀sì ni.

Mo wí pé ọ̀dọ́mọbìnrin, nítorí nínú ẹni mẹ́wàá tí àìsàn yìí ń mú, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ obìnrin. Láàrin ọdún 15 sí 45 ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nígbà ẹ̀kọ́, ìgbà iṣẹ́, àti ìgbà ọmọ bíbí. Ó wà nínú ohun tí ń mú kí oyún máa bàjẹ́ lára àwọn obìnrin kan léraléra, tí a óò sì máa wá ọ̀tá kiri àdúgbò. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ohun kan báyìí ni ó fà á. A lè jogún ìpín kan nínú rẹ̀ láti inú ìdílé. Ohun tí ń mú obìnrin jẹ́ obìnrin nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọwọ́ sí i. Oòrùn líle a sì máa ru ú sókè, nítorí ó ń pa sẹ́ẹ̀lì awọ ara, ó sì ń tú kóró wọn síta fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ojú wọn ti dà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ̀rọ̀ kòkó sísá lẹ́ẹ̀kan.

Orúkọ àìsàn náà ti pẹ́. Ìkookò ni lupus jẹ́ ní èdè Látìnì, nítorí pé lójú àwọn oníṣègùn Yúróòpù àtijọ́, egbò ojú irú èyí dàbí ibi tí ìkookò ti bu ènìyàn jẹ. Ní ọdún 1851, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Cazenave, fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "pupa" kún orúkọ náà. Ní ọdún 1872, Kaposi ní ìlú Vienna fi hàn pé àìsàn náà kì í dúró sí awọ ara nìkan. Àwọn ìwé wọn ń sọ nípa ojú tí ó pọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti ní orí imú, tí ó sì dàbí labalábá tí ó na ìyẹ́ apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Òyìnbó ni wọ́n ń wò. Lára ènìyàn dúdú, ibi tí ìwé ní yóò pọ́n yóò ṣú ni, tàbí kí ó di àwọ̀ bí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Mo rò pé ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún gbogbo ẹni tí ń kàwé tí a kọ ní ilẹ̀ mìíràn: labalábá náà wà ní ojú wa, àwọ̀ rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Ojú kan tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti Seal, olórin tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1963, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí Olúṣẹ́gun sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Àpá jíjìn wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbọ́ pé Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀ ti wá ti rò pé ilà ni wọ́n kọ fún un. Kì í ṣe ilà. Irú lúpọ́ọ̀sì kan tí kì í sábà kọjá awọ ara ni ó mú un nígbà èwe, ó sì fi àpá sílẹ̀, ó sì mú irun orí rẹ̀ lọ.

Ní báyìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá tààrà. Ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí a mọ̀ sí UCH, oníṣègùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Brian Greenwood ṣe iṣẹ́ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ó yẹ ìwé àwọn aláìsàn tí a ti dá dúró síbẹ̀ wò láti ọdún 1957 wá, iye wọn sì súnmọ́ 100,000. Ó ń wá àwọn tí ara wọn ń bá ara rẹ̀ jà, yálà lúpọ́ọ̀sì ni tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún péré ni ó rí. Ní ọdún 1968 ó kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Lancet pé irú àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàrin wa, ó sì béèrè bóyá ibà tí ń mú wa láti kékeré ni ó ń fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ní iṣẹ́ tí wọn kò fi ráyè bá ilé jà. Kò fi mọ sí ẹnu lásán. Irú eku kan wà tí a ti sìn títí ó fi jẹ́ pé àrùn bíi lúpọ́ọ̀sì ní í máa pa á. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ibà eku sí wọn lára, àrùn náà sì rọlẹ̀. Wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1970.

Ìbéèrè rẹ̀ dára, ọ̀nà tí ó sì fi wádìí rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwé ilé-ìwòsàn kò lè sọ fúnni: iye àwọn tí kò dé ilé-ìwòsàn rárá, àti iye àwọn tí ó dé ibẹ̀ tí a sì pe àìsàn wọn ní orúkọ mìíràn. Ní ọdún 2001, ìwé Lancet kan náà gbé ìwádìí kan jáde tí a ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Nínú 100,000 obìnrin Òyìnbó, nǹkan bí 35 ni ó ní lúpọ́ọ̀sì. Nínú iye kan náà láàrin àwọn obìnrin tí ìran wọn ti àwọn erékùṣù Karíbíánì wá, 177 ni. Láàrin àwọn obìnrin tí ó ṣí wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín, 110 ni. Ní Èkó pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adelowo, oníṣègùn oríkèé, àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ ìwé ní ọdún 2009 lórí àwọn aláìsàn ọdún mẹ́fà: nínú 1,250 tí ó ní àìsàn oríkèé àti egungun, 66 ni ó jẹ́ lúpọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin.

Ní ojú tèmi, ó lè jẹ́ pé ibà ń dènà rẹ̀ ní ìwọ̀n kan lóòótọ́. Eku Greenwood kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Èkó fi hàn ni pé, níbi tí oníṣègùn tí ó mọ̀ ọ́n bá jókòó sí, tí ó sì ń wá a, ibẹ̀ ni a óò ti máa rí i. Ohun tí a bá ti sọ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn pé ó ṣọ̀wọ́n, kò ní tètè wá sí i lọ́kàn nígbà tí ọmọbìnrin Aládé bá jókòó níwájú rẹ̀.

Lúpọ́ọ̀sì kò tíì ní oògùn tí ń lé e lọ pátápátá. Ẹni tí ó bá mú yóò máa bá a gbé ni, bí ènìyàn ti ń bá ìtọ̀ súgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin àná àti òní. Ní nǹkan bí ọdún 1955, ìdajì àwọn tí àìsàn náà wọ̀ lára ni kì í pé ọdún márùn-ún láyé lẹ́yìn tí a bá mọ̀ ọ́n. Lóde òní, níbi tí ìtọ́jú bá péye, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí ń kọjá ọdún márùn-ún náà, ọ̀pọ̀ sì ń dàgbà di arúgbó.

Oògùn tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí yóò ya yín lẹ́nu, nítorí inú ilé oògùn ibà ni ó ti wá. Ní ọdún 1894, Payne ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi kuníìnì tọ́jú egbò lúpọ́ọ̀sì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, a ń fún àwọn ọmọ-ogun ní oògùn ibà kan tí ń jẹ́ mepacrine. Ní ọdún 1951, oníṣègùn Page sọ pé àwọn aláìsàn lúpọ́ọ̀sì tí òun fún ní oògùn náà ń gbádùn. Èyí tí a ń lò nísinsìnyí ni hydroxychloroquine, àbúrò chloroquine tí ó máa ń yún àwọn òbí wa lára kí ìjọba Nàìjíríà tó fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún ibà ní ọdún 2005. Kì í pa ẹ̀ṣọ́ ara. Ó ń pẹ̀tù sí wọn nínú ni. Ó ń mú kí ìgbà tí àìsàn náà ń ru dínkù, ó sì ń gba kíndìnrín là. Ojoojúmọ́ ni à ń lò ó, fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníṣègùn ojú a sì máa yẹ ojú ẹni wò lóòrèkóòrè. Ní ọdún 2020, nígbà tí ariwo ta káàkiri ayé pé oògùn wọ̀nyí ń wo àrùn kòrónà, àwọn tí kò ní lúpọ́ọ̀sì rà á tán lórí igbá. Ní Èkó, àwọn kan lo chloroquine ní àlòjù títí a fi gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn. Àwọn tí ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́ ọn sì ń wá a kiri.

Bí ìjà náà bá le, a ń lo prednisolone, èyí tí ń yára ṣẹ́gun ṣùgbọ́n tí ń gba owó orí: ó ń wú ojú, ó ń dín agbára egungun kù, ẹni tí ó bá sì ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ara ti gbàgbé bí ó ti ń ṣe tirẹ̀. Àwọn oògùn mìíràn wà fún kíndìnrín. Owó wọn wọ́n, nínú àpò aláìsàn ni ó sì ti ń jáde fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti kú, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa lò, ìdílé díẹ̀ ni ó sì lè gbé ẹrù ìnáwó bẹ́ẹ̀.

Nípa oòrùn, kì í ṣe pé kí ọmọbìnrin tí a wí lẹ́ẹ̀kan má lọ sí oko mọ́. Abẹ́ igi kòkó tutù. Ó lè wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn àti fìlà olétí ńlá. Kòkó sísá ni kí ẹlòmíràn máa ṣe.

Nípa ti kíndìnrín tí kì í ké, nǹkan kékeré kan wà tí kò wọ́n púpọ̀. Bébà tín-ín-rín kan ni, tí a ń tì bọ inú ìtọ̀. Bí àwọ̀ ìyeyè tí ó wà lórí rẹ̀ bá yí sí àwọ̀ ewé, èròjà tí ó yẹ kí ó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ ti ń jò gba ojú asẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, a sì lè rí i nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì wú rárá.